Ṣúgà Tí Mo Fi Sínú Kéèkì Ìyá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Mi ò ní dárúkọ ara mi, orúkọ tí mo sì máa pe àwọn èèyàn inú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Ilé ọkọ ni mo wà, Ìlọrin ni mo sì ń gbé, ọ̀rọ̀ kì í sì í pẹ́ níbí kó tó dé etí ẹni tó ni ín.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú. Mo rò pé bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni yóò máa fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, ẹnì kan máa wá sílé wa, yóò wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi ṣẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Bí mo bá dákẹ́ títí ọjọ́ náà fi kọjá, mi ò rò pé màá tún lè la ẹnu mi lórí ẹ̀ mọ́ láyé.

Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, tíṣà ni èmi náà. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ fẹ́ra, mo gba ẹ̀sìn rẹ̀, wọ́n sì so yìgì wa ní agboolé wọn. Àwọn òbí mi ráhùn díẹ̀, wọ́n sì gbà. Ìyá ọkọ mi ni kò gbà. Ọmọ àáfà ni Màmá, ọmọ ọmọ àáfà sì ni. Ó ti ní ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan lọ́kàn fún ọmọ rẹ̀ kó tó di pé mo yọjú.

Màmá ò bú mi rí. Kò sì lé mi rí. Ó kàn ń wò mí bí àlejò tó ti pẹ́ jù. "Ọmọ Ọ̀mù-Àrán" ló ń pè mí. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ bá a, á ní, "Ọmọ Ọ̀mù-Àrán, gbé e síbẹ̀." Mo bímọ, mo sọ ọ́ ní Rùkáyá, orúkọ ìyá tó bí Màmá gan-an. Síbẹ̀, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mo jẹ́.

Ọdún kẹfà tí a ṣègbéyàwó ni àyẹ̀wò fi hàn pé Màmá ní àtọ̀gbẹ. Ọkọ mi mú un wá sọ́dọ̀ wa, nítorí ilé wa kò jìnnà sí àdúgbò Challenge ní Ìlọrin níbí, ó sì rọrùn láti tibẹ̀ dé ọsibítù. Ọjọ́ tí Màmá kó dé, ọkọ mi pè mí sí ìdáná, ó ní, "Ìyá Rùkáyá, oúnjẹ ni oògùn àìsàn yìí. Ọwọ́ rẹ ni mo fi Màmá sí o."

Mo ní kó má mikàn. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti ọkàn mi wá.

Obìnrin kan wà ní ọsibítù tó ń rí sí oúnjẹ àwọn aláìsàn. Ó pè mí jókòó, ó bi mí ohun tí Màmá máa ń jẹ láàárọ̀. Mo ní búrẹ́dì funfun ni, pẹ̀lú tíì tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró nínú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá mú bébà, ó kọ bí mo ṣe lè máa ṣe kéèkì kékeré eléso fún un, èyí tí wọ́n ń yan nínú páànù oníkọ́ọ̀pù. Ìyẹ̀fun àlìkámà, ẹyin, òróró díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n gan-an, dàbínò mélòó kan tí a rẹ sómi tí a sì gún. Ó ní kí Màmá máa jẹ ẹyọ kan pẹ̀lú ẹyin sísè, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Kò sí ṣúgà," ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Inú mi dùn. Òkè-Oyì ni mo ti ń kọ́ni, ẹ̀bá ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ti ń dínwó jù. Mo ra odindi ìdì kan, mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì títí a fi wọ ìlú. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, mo ti tan ófùn. Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà gba gbogbo ilé. Rùkáyá tí kì í tètè jí dìde fúnra rẹ̀.

Màmá bu kéèkì náà jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Ọmọ Ọ̀mù-Àrán, èmi ni ara mi ò yá. Kí ló wá ṣe kéèkì?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, Rùkáyá náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe kéèkì yẹn, ọjọ́ mẹ́rin náà ni Màmá fi kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti lo oògùn rẹ̀ láìjẹ nǹkan kan lé e. Mo bá a lórí àga, òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì lè pe orúkọ mi. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo sáré po glúkóòsì sómi, mo fún un mu, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Mo rò pé màá fi ọwọ́ ara mi pa ìyá ọkọ mi nítorí pé oúnjẹ mi kò dùn. Ẹ̀rù yẹn wà lára ohun tó mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Mi ò sọ pé òun nìkan ni.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo fi ṣúgà ṣíbí méjì sínú ìyẹ̀fun náà. Ṣíbí méjì péré, nínú kéèkì méjìlá. Mo sọ fún ara mi pé kí Màmá sáà lè jẹun ni, tó bá ti mọ́ ọn lára, màá yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Màmá jẹ ọ̀kan tán. Ó jẹ ìkejì. Ó gbọn èérún kúrò láyà, ó ní, "O káre, ọmọ mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kẹfà mi nílé ọkọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan náà kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo wọ ìdáná lọ, mo di abọ́ tí mo fi po kéèkì mú, mi ò mọ ohun tó yẹ kí n fi ọwọ́ mi ṣe.

Ó pè mí padà. Ó ní, "Ṣé kò sí ṣúgà ńbẹ̀ ṣá?"

Mo ní, "Kò sí o, Màmá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dùn bẹ́ẹ̀."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀, mi ò nílò láti pa irọ́ mìíràn fún ìgbà pípẹ́, nítorí kò bi mí mọ́.

Mi ò yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ fún ara mi. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ṣíbí méjì di mẹ́rin. Mẹ́rin di ìdajì kọ́ọ̀pù. Nígbà tí máńgòrò dé, mo fi máńgòrò ṣe é. Nígbà tí ọ̀pẹ òyìnbó pọ̀ lọ́jà, mo gé e wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀. Ọkọ mi ti kó gbogbo ṣúgà kúrò nílé látìgbà tí Màmá ti dé, nítorí náà, mo ń ra tèmi lọ́nà, mo sì ń fi pamọ́ sínú báàgì tí mo fi ń gbé ìwé àwọn ọmọ iléèwé, lábẹ́ ìwé. Ẹ rí i pé kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó bá ń ṣe àṣìṣe kì í fi í pamọ́.

Màmá yí padà sí mi pátápátá. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí bàbá ọkọ mi fẹ́ràn nígbà ayé rẹ̀. Ó ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún mi, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé kéwú máa ń kún agboolé wọn. Bí àwọn ìyá àsàláátù bá wá kí i, á gbé kéèkì síwájú wọn, á ní, "Ìyàwó mi ló ń ṣe é. Kò sì fi ṣúgà sí i o!" Ọ̀kan nínú wọn ní kí n kọ́ òun. Mo fún un ní bébà tí obìnrin ọsibítù kọ fún mi. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, ó ní tòun kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọwọ́ ló yàtọ̀."

Mo gba ìyìn yẹn. Mo gbà á, mo sì jẹ́ kó wọ̀ mí lára.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ìka Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà tó ga. Ọkọ mi ló ń ṣe àyẹ̀wò náà láràárọ̀ Ọjọ́ Àìkú. Á wo ẹ̀rọ, á wò mí. Á ní, "Kí ni Màmá ń jẹ, Ìyá Rùkáyá?" Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ohun tí wọ́n ní kó jẹ náà ni." Dókítà pààrọ̀ oògùn. Nọ́ńbà náà kò sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń fún Màmá ní ohun tí kò yẹ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Àǹtí Mulika ti wọlé.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni Àǹtí Mulika. Ó ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Táíwò, mínírà tútù àti bisikíìtì ló ń tà níbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń ti ṣọ́ọ̀bù wá kí Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹ̀sìn, tí ojú ń tì mí láàárín àwọn èèyàn wọn, òun ló kọ́ mi ní àlùwàlá. Ó jókòó tì mí ní yàrá títí mo fi mọ Fátíhà sórí. Kò fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá ṣì í pè. Nínú gbogbo ilé ọkọ mi, òun ló kọ́kọ́ fẹ́ràn mi, láìjẹ kéèkì kankan.

Ní Jímọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ mi tètè ti ibi iṣẹ́ dé. Ó bá ìgò mínírà lọ́wọ́ Màmá, ó ti mu ún dé ìdajì. Àǹtí Mulika jókòó tì í.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Màmá ní ẹnu àwọn korò ni. Wọ́n bẹ̀ mí. Ìgò kan péré ni, a tiẹ̀ jọ pín in ni."

Ọkọ mi ò pariwo lọ́jọ́ náà. Ó gba ìgò náà, ó da èyí tó kù sínú sínkì. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Mo ti rí i báyìí." Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ara tù mí. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe burú tó: ara tù mí.

Bàtà tuntun ló ha Màmá ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Egbò kékeré, kò ju orí ìṣáná lọ. A fọ̀ ọ́, a fi oògùn sí i. Kò jinná. Ó ń gbòòrò. Ìka náà dúdú, dúdú náà sì gun orí ẹsẹ̀. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ọsibítù, òórùn ti wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ọkọ mi, wọ́n ní kó buwọ́ lùwé. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Màmá lábẹ́ orúnkún.

Ọjọ́ tí wọ́n gé e, gbogbo wa wà níwájú wọ́ọ̀dù. Nígbà tí Àǹtí Mulika dé, ọkọ mi dìde. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń sunkún, ó sì ń pariwo. Ó ní, "Ìwọ lo gé ẹsẹ̀ Màmá! Mínírà rẹ ló gé e! Má tún fi ẹsẹ̀ rẹ tẹ ilé mi mọ́ láyé!"

Àǹtí Mulika kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Àwọn aláìsàn ń wò. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wò. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

Kúlà oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi. Kéèkì mẹ́rin wà nínú kúlà náà.

Mo ní, "Ẹ máa lọ sílé ná, Àǹtí Mulika. Ẹ jẹ́ kí inú wọn rọ̀."

Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó lọ. Mo da kéèkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ààtàn ọsibítù. Mo dé ilé, mo da ṣúgà inú báàgì mi sí gọ́tà. Láti ọjọ́ náà títí di òní, mi ò fi ṣúgà sí oúnjẹ Màmá mọ́.

Mo bi dókítà kan léèrè bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀. Ó ní àìsàn náà ti wà lára Màmá fún ọ̀pọ̀ ọdún ká tó mọ̀, pé ẹsẹ̀ náà lè bàjẹ́ láìka ohun tó jẹ sí. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú. Mo ń kà á fún ara mi bí àdúrà. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì tí mo yé fi ṣúgà sí kéèkì, nọ́ńbà orí ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ mi fi hàn mí. Ó ní, "Ṣé o rí i? Látìgbà tí Mulika ò ti wá mọ́."

Mo ní mo rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Ní ọjọ́ kan, èmi àti ọkọ mi wà nínú mọ́tò ní Challenge, sún-kẹẹrẹ mú wa. Mo ní, "Bàbá Rùkáyá, ọ̀rọ̀ kan wà." Ó ní kí n sọ ọ́. Mo ní, "Nípa Àǹtí Mulika ni." Kí n tó sọ ìkejì, ó ti gbá ọwọ́ mọ́ sítíárì. Ó ní, "Ẹni tó bá purọ́ fún mi lórí ẹ̀mí ìyá mi, tí ó bá jẹ́ pé ìyàwó mi gan-an ni, mi ò ní fi orí pamọ́ sábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹ̀ mọ́." Ó sọ ọ́ láti fi hàn mí bí inú ṣe ń bí i tó ni. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ọjọ́ ìbí ọmọ Àǹtí Mulika ni mo fẹ́ rán an létí. Ó ní kí n yé dárúkọ rẹ̀.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà Táíwò sọ fún mi pé Àǹtí Mulika ti kó gbogbo mínírà kúrò nínú fíríìjì rẹ̀. Omi nìkan ló ń tà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń dín kù. Ó ní òun ò lè fojú rí ìgò náà mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó pè mí lórí fóònù. Wọ́n fẹ́ so yìgì àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ó ní ọmọ náà ń sunkún pé ìyá-ìyá òun ò ní sí níbẹ̀. Ó ní òun ti bá àgbàlagbà méjì sọ̀rọ̀ ní agboolé, wọn yóò sin òun wá lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí.

Ó ní, "Ìyàwó wa, mo ti gbà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bá ara mi jiyàn, ṣùgbọ́n mo ti gbà. Èmi ni sàbàbí ẹsẹ̀ Màmá. Ẹ sáà bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú kíláàsì mi ní Òkè-Oyì, àwọn ọmọ ń wò mí. Mo rò pé lójú ayé nìkan ni mo fi ẹ̀bi náà sí i lọ́rùn. Mi ò mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà á sọ́kàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi ti jáde, Rùkáyá ti lọ síléèwé. Mo wẹ Màmá tán, mo fi ìpara pa á lára, mo gbé e jókòó sórí àga rẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Ṣúgà wà nínú kéèkì náà. Láti ọjọ́ karùn-ún ló ti wà ńbẹ̀. Kì í ṣe mínírà Àǹtí Mulika. Èmi ni."

Màmá ń fi ìka yí tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo gbójú sókè.

Ó ní, "Ahọ́n tó ti ń tọ́ ṣúgà wò fún àádọ́rin ọdún, ṣé ó lè ṣàì mọ ṣúgà? Ọjọ́ tí mo bi ọ́ léèrè, o purọ́. Mo rí i lójú rẹ. Mo sì jẹ ẹ́."

Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì ń jẹ ẹ́, Màmá?"

Ó ní, "Ó dùn. Kí ló tún kù fún mi tó dùn? Mo sì rí i pé bí mo bá ṣe ń jẹ ẹ́ ni inú rẹ ń dùn. A jọ ṣe é ni, ọmọ mi. Mo ti forí jì ọ́. Ìwọ náà, forí jì mí."

Mo sunkún. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kù mú, mo sunkún. Mo ní ó ti parí nìyẹn, pé tí ọkọ mi bá dé, a ó jọ sọ fún un.

Màmá gbá mi lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ le ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní, "Rárá o. O ò ní sọ fún un. Mo mọ ọmọ mi. Yóò lé ọ jáde kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ta ni yóò máa gbé mi lọ ṣe àlùwàlá? Ta ni yóò máa wẹ̀ mí? Ṣé ọmọdébìnrin tí wọ́n bá háyà ni?"

Mo ní, "Àǹtí Mulika ńkọ́, Màmá?"

Ó yí ojú sí fèrèsé. Ó ní, "Mulika ní ọkọ. Ó ní ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ mi ni, a kì í kọ ẹ̀jẹ̀. Jẹ́ kó wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò gbà, a ó sì ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan."

Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan. Ṣé o rò pé kò dùn mí ni? Ọdún mẹ́ta ni mi ò tíì rí ojú ọmọ mi." Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. "Àmáánà ni mo fi lé ọ lọ́wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, má sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́, mi ò ní forí jì ọ́ mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn, ibi tí mo wà nìyí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti forí jì mí, òun náà ló sì dè mí lẹ́nu. Bí mo bá sọ ọ́, mo da àmáánà ìyá tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí mi. Ilé mi tú, ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án kò ní mọ ibi tí ìyá rẹ̀ lọ, Màmá á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí mi ò bá sọ ọ́, Àǹtí Mulika, tó kọ́ mi ní Fátíhà, yóò ru ẹ̀bi mi títí dé sàréè rẹ̀.

Mo rò ó pé kí n kọ ọ́ sínú bébà kí n fi sábẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ya á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò ó pé kí n sá lọ sí Ọ̀mù-Àrán. Ta ni yóò wẹ Màmá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì? Ẹsẹ̀ mi kò gbé e.

Ní àná, ọkọ mi sọ ohun tó fẹ́. Ó ní òun máa gba ẹ̀bẹ̀ àbúrò òun, ṣùgbọ́n Mulika gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú Màmá, níwájú àwọn àgbàlagbà méjèèjì, níwájú ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀, pé òun ló fa gígé ẹsẹ̀ ìyá òun. Ó ní bí kò bá sọ ọ́, kó padà sílé rẹ̀. Màmá wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó kàn wò mí.

Mo pe Àǹtí Mulika láti sọ fún un. Mo lérò pé yóò kọ̀. Mo gbàdúrà pé kó kọ̀. Ó ní, "Màá sọ ọ́. Ẹ ṣeun, Ìyàwó wa. Ọlọ́run á san yín ní láádà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá ọkọ, ẹ̀yin tí ẹ mọ kéwú jù mí lọ, ṣé àmáánà tí wọ́n fi bo irọ́ mọ́lẹ̀ ń jẹ́ àmáánà? Ṣé kí n ba ilé yìí jẹ́ kí n lè tú obìnrin kan sílẹ̀? Ẹ bú mi, mo gbà. Ẹ pè mí ní ohun tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ẹ sì tètè sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun lónìí. Ọkọ mi ti ní kí n gbọn ẹní ńlá inú pálọ̀ dáadáa kó tó di Jímọ̀. Èmi ni màá tẹ́ ẹní tí Àǹtí Mulika yóò kúnlẹ̀ lé.